Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ káwọn tó ń kọ kóòdù ráyè ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ ọ̀rọ̀ o. Lọ́pọ̀ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sọfitiwia l'Ékòó báyìí, ìpàdé ti fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní ‘stand-up’. Ìdúró ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é, kó má baà pẹ́. Ìwé ìlànà Scrum tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ sọ pé ìṣẹ́jú 15 péré ni lóòjọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ló sì wà fún, kí wọ́n lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé, kí wọ́n sì tún ètò ọjọ́ náà tò.

Kí la wá sọ ọ́ dà? Ọ̀gá á máa pe orúkọ bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà: “Ìwọ, kí lo ṣe lánàá?” Ẹnì kan á máa ròyìn, àwọn yòókù á máa tẹ fóònù. Kó tó kan ẹni tó kẹ́yìn, wákàtí kan ti lọ.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Èèyàn 8 ní wákàtí kan, wákàtí 8 nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó di 40, iṣẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kan!

Paul Graham kọ ọ́ lọ́dún 2009 pé wákàtí-wákàtí ni ọ̀gá máa ń pín ọjọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ kóòdù nílò ó kéré tán ìdajì ọjọ́ gbáko. Ìpàdé aago mọ́kànlá lásán ti ba gbogbo àárọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ tí ìpàdé gbà lọ́sàn-án, òru ni wọ́n á fi ṣe é nílé. Ta ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀ òru yẹn? Ta ló ń ra dátà?

Àwọn ọ̀gá á ní, “Tá ò bá ṣèpàdé, báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́?” Ìbéèrè gidi ni, pàápàá fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé. Àmọ́ a kì í fi ẹnu mọ ẹni tó roko, ebè là á wò. Kóòdù tí kálukú kọ wà lórí GitHub, tọjọ́ taago. Ọmọ iṣẹ́ tuntun tí iṣẹ́ há mọ́ lọ́wọ́ kò sì ní jẹ́wọ́ lójú ọ̀gá láàárín èrò. “Ó ń lọ dáadáa” lá máa wí, títí oníbàárà á fi wá béèrè iṣẹ́ ẹ̀.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò le. Kí kálukú kọ ìròyìn tiẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀. Ìṣòro nìkan ni ká pàdé lé lórí, kó sì jẹ́ àwọn tọ́rọ̀ kàn nìkan. Tí ìṣẹ́jú 15 bá pé, ká túká. Sọfitiwia tó ń ṣiṣẹ́ ni oníbàárà sanwó fún, kò sanwó ìpàdé.