Ẹ̀tọ́ Ẹni tí Ọkọ̀ Ṣe Léṣe

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Àkókó, bí ọkọ̀ bá ṣẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀bà sí Ìkàrẹ́, awakọ̀ a dọ̀bálẹ̀, a ó sì ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í san owó oníṣègùn. Òfin ọdún 1945 ti pa á láṣẹ pé kí ọlọ́kọ̀ ní ìwé ìnṣọ́ránsì nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe. Òfin ọdún 2025 kò sì mú ọ̀ranyàn náà kúrò. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti awakọ̀, owó náà kì í ṣe sàráà, ẹ̀tọ́ ni. Ẹ rántí àwọn tí ọkọ̀ akẹ́rù pa ní Àkùngbá ní January 2021. Kí ẹ tó parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàfin, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ béèrè ìwé náà, ẹ má sì jẹ́ kí òtòṣì tẹ̀ka sí ìwé tí a kò kà sí i létí.