Fáíbà ti wọlé, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́wọ́?

Ní àwọn àdúgbò kan nílùú Èkó àti Ìbàdàn, okùn fáíbà ti ń wọlé onílé àti ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Inú àwọn oníṣòwò kéékèèké ń dùn sí i, ẹnikẹ́ni ò sì lè bá wọn wí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, látìgbà náà ni ẹni tó ń fi dátà ṣòwò ti ń ṣírò owó tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n bí a bá ra fáíbà tán, tó jẹ́ pé fíìmù nìkan la fi ń wò, a ò tíì jẹ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ èrè owó wa. Èyí tó tún burú jù ni pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, ká má sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ní ilé ìtajà oògùn méjì, ọ̀kan ní Bódìjà, èkejì ní Mọ́níyà. Ó fẹ́ máa ti ilé wo kámẹ́rà àti àkọsílẹ̀ ọjà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí àwọn kan nínú àwọn tó ń bá wa ri kámẹ́rà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ojú ọ̀nà kan lára rọ́tà, wọ́n á fi páásìwọ́ọ̀dù tó bá kámẹ́rà wá sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Oníṣọ́ọ̀bù ń rí ọjà rẹ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé ojú ọ̀nà tí òun ń gbà wọlé ni olè náà lè gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 2016, àwọn ọ̀daràn fi kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai gba àṣẹ lórí ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti rọ́tà káàkiri ayé, páásìwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá lára ẹ̀rọ náà ni wọ́n sì fi wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí Twitter àti Netflix lò fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí oníṣòwò tó bá ní fáíbà ní VPN tirẹ̀. VPN dà bí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tí wọ́n bò, tó bẹ̀rẹ̀ láti inú fóònù yín, tó sì parí sínú ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé yín. Ẹni tó wà lóde lè mọ̀ pé nǹkan ń kọjá, kò lè mọ ohun tó jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní WireGuard kò gba kọ́bọ̀, láti oṣù kẹta ọdún 2020 ló sì ti wà nínú Linux. Àwọn rọ́tà kan ti ní in nínú. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní in lè lo kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi.

Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá kúrò níṣẹ́, tàbí tí wọ́n jí fóònù yín ní Ọ̀ṣòdì, kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan lẹ máa pa rẹ́. Bí ẹ bá sì lọ rajà ní Kùtọnu, tí ẹ wà lórí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lè gba ilé yín kọjá kí ẹ tó dé báńkì.

Àwọn kan á ní, ‘Ṣebí VPN ọ̀fẹ́ ti wà lórí fóònù mi látìgbà tí ìjọba ti Twitter pa lọ́dún 2021?’ Òótọ́ ni, àmọ́ ìyẹn kò lè gbé yín dé ṣọ́ọ̀bù yín. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló ń gbé yín lọ, iwájú ilé rẹ̀ sì ni ẹrù yín ń gbà kọjá. Facebook ra Onavo lọ́dún 2013, wọ́n ní yóò máa dáàbò bo àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń fi wo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù wọn. Lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ ní Australia bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 dọ́là ilẹ̀ náà lé wọn. Ọ̀fẹ́ kan ò sí lọ́jà.

Kí ẹ tó sanwó fáíbà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ìkíní, ṣé àdírẹ́sì tiwa nìkan lẹ máa fún wa, èló sì ni? Irú àdírẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ láyé, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan, bíi ilé ‘face-me-I-face-you’ tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹni inú yàrá lè jáde, àmọ́ àlejò tó dé ẹnu géètì kò mọ yàrá tí yóò kàn. VPN yín ni àlejò yẹn. Ìkejì, báwo ni iṣẹ́ tó ń jáde láti ọ̀dọ̀ wa ṣe máa yá sí? Òun ló ń gbé àwòrán kámẹ́rà, kì í ṣe èyí tó ń wọlé. Ìkẹta, bí wọ́n bá gé okùn, ọjọ́ mélòó lẹ ó fi tún un ṣe?

Àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn wọ̀nyí sínú ìwé kedere, kí wọ́n má dúró dìgbà tí oníbàárà bá sanwó tán.

A ò sọ pé VPN gba gbogbo àìsàn o. Kò lè dá ẹni tó fẹ́ lu yín ní jìbìtì lórí fóònù dúró. Bí iná bá lọ, tí rọ́tà kò ní bátìrì, ọ̀nà náà ti dí nìyẹn. Ẹ sì ní láti san owó iṣẹ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n òfin ààbò dátà ọdún 2023 ti sọ pé ẹni tó bá kó orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà jọ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Bó bá jò, ọrùn ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló wà, kì í ṣe ọrùn ẹni tó ri kámẹ́rà.

Lónìí, ẹ pe ẹni tó ri kámẹ́rà yín, kó yí páásìwọ́ọ̀dù padà níṣojú yín, kó sì sọ ojú ọ̀nà tó ṣí fún yín. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.