Ẹ Fi Olúmọ Sílẹ̀ Ná, Ẹ Jẹ́ Ká Dé Òkèlúsè

Gbogbo ẹni tó bá ti gba àlejò akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun rí ló mọ ìwé náà. Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn àlejò bá dé: Sátidé àkọ́kọ́, Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, Sátidé kejì, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹ̀kẹta, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, bí owó bá ṣẹ́ kù, Ìdànrè, kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, kí wọ́n sì ya fọ́tò lókè. Ọdún dé, ọdún lọ, ìwé yìí náà ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti jáde kí a tó wọlé sọ fún wa pé àwọn náà bá a lára ògiri ni. Ìwé yẹn gan-an la fẹ́ bá jà lónìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò bá Olúmọ jà. Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé ní 2005 kì í ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá ń fojú di. Ẹjọ́ wa ni pé àwọn àlejò yìí kò torí òkúta wá. Èdè ni wọ́n torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ wá bá wọn dé ìdí òkè náà kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń mú àlejò káàkiri yóò ti mọ̀ wọ́n láti òkèèrè, yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í da Gẹ̀ẹ́sì tó ti há sórí sílẹ̀ bí òjò. Bí àlejò bá fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un bí ìgbà tí ayékòótọ́ bá sọ̀rọ̀, wọn á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ wa kan tó lọ sí mẹ́ta nínú irú ìrìn àjò yìí sọ fún wa pé yàtọ̀ sí "ẹ káàbọ̀" àti "ó dàbọ̀", gbogbo Yorùbá tí wọ́n bá òun sọ ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kún ojú ìwé kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ó pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà ti ń wá sí Ifẹ̀ lábẹ́ ètò Fulbright-Hays láti wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ètò Flagship náà gbé àwọn mìíràn wá sí Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n ní olùkọ́ Yorùbá ní Wisconsin, wọ́n ní ní Florida. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì ń lọ ṣe olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ lọ́hùn-ún. Bí kíláàsì bá tó, kí ni wọ́n ń wá níbí? Ohun tí kò sí ní kíláàsì ni wọ́n wá wá: ariwo ọjà, èébú ọlọ́kadà, àròyé ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nígbà tí kò mọ̀ pé olùkọ́ wà nítòsí. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni àyè wà fún èyí. Ẹ wá gba ọjọ́ méjèèjì lọ́wọ́ wọn, ẹ ní kí wọ́n máa wo òkúta.

Ọ̀rẹ́ wa tí a wí yìí, Peckham ní London ni wọ́n ti bí i. Ọmọ Òkèlúsè ni bàbá rẹ̀. Yorùbá tó gbọ́, inú ìwé ló ti kọ́ ọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Àwa pàápàá mọ ilé tó rí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, kí a má parọ́. Nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó padà, ó lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò pé òun fẹ́ dé ìlú bàbá òun, ìyá bàbá òun ṣì wà láyé, àwọn ọ̀rẹ́ òun á tẹ̀ lé òun lọ. Ẹni tó dá a lóhùn kọ́kọ́ béèrè pé, "Níbo nìyẹn?" Lẹ́yìn tí wọ́n fi máàpù hàn án, ó ní, "Kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ló lé wa dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ tún un kà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ló sọ ọ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀, Òkèlúsè wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, ní apá ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti ń lọ kan ti Ẹdó. Ìfọ́n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí orúkọ Òkèlúsè nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni ẹ óò bá níbẹ̀: ó pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, àwọn olóṣèlú sì fẹ́ràn láti máa dárúkọ rẹ̀. Àwọn onísìmẹ́ǹtì mọ ohun tí àwọn ń wá débẹ̀. Àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa ni a ní kò sí nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọ̀nà kí àwọn kan tó fi dí wa lẹ́nu. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń fi ṣeré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n nítòsí Ẹlẹ́gbẹ̀ka nígbà tí kábíyèsí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa àwọn tó ń jọ́sìn. A ò gbàgbé. Ká ní ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wa ni pé, "Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ń bà wá, ẹ jẹ́ ká béèrè bó ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí," à bá dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ní kí àlejò má lọ nítorí ẹ̀mí rẹ̀, ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ti ọ̀nà rárá, àfi ìgbà tí a takú. Ó sì ní ohun tó ń bí wa nínú nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí: àwọn ará ibẹ̀ ń gba ọ̀nà náà lọ sọ́jà, wọ́n ń gbé aláboyún gbà á lọ sí ọsibítù, àwọn ọmọ wọn ń gbà á lọ ṣe JAMB. Ìbẹ̀rù wa kò ní kí ìjọba tún un ṣe tàbí kí ó ṣọ́ ọ. Gbogbo ohun tí ó ń ṣe kò ju pé kí a yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé.

Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ pe fóònù láti London. Ó pe àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fọwọ́ sí i. Àbúrò bàbá náà ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa ní Ọ̀wọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Àwa mẹ́ta láti ẹ̀ka Yorùbá, àti òun. Àárọ̀ la lọ, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la padà, a ò fi òru rìn.

Ìyá àgbà ti jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa kúnlẹ̀, tó kí i bí a ti ń kí ni nínú ìwé, "Ẹ kú ilé, Màmá Àgbà, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?", ìyá náà dì mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ lọ gbọọrọ. Ọ̀rẹ́ wa wojú wa pé kí a túmọ̀. A wojú ara wa.

Ọdún kẹta rèé tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní fásitì. A mọ fonọ́lọ́jì, a mọ gírámà, a lè ṣe àlàyé ìpajẹ àti àrànmọ́ lójú oorun. Ó sì kú díẹ̀ kí á má gbọ́ ju ìdá mẹ́ta ohun tí ìyá náà sọ. A ń gbọ́ "ulé" níbi tí a ti ń retí ilé. A ń gbọ́ "eghó" níbi tí a ti ń retí owó, pẹ̀lú ìró kan láti ọ̀nà ọ̀fun tí kò ní lẹ́tà nínú lẹ́tà 25 tí wọ́n kọ́ wa ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìró yìí kan náà ló wà nínú orúkọ tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn: Ọ̀ghọ̀. A ti kọ èyí nínú ìdánwò rí. A gba máàkì lé e lórí. A ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn rí.

Èyí tó wá dójú tì wá jù lọ nìyí. Ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, gbé omi wá fún ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀, ó sì bi í ní ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú "ọ", bí ẹni ń bá ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa (kò ní kí a má sọ, ṣùgbọ́n a ò ní dárúkọ rẹ̀) bá ọmọ náà wí: "Màmá lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? 'Ẹ' ni kí o máa pè wọ́n!" Ọmọ náà ń wò ó. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó wá rọra sọ ọ́ ní Yorùbá tí àwa gbọ́, ó ní, "Ṣé èmi méjì ni mo jókòó síbí ni?"

Láti Oǹdó dé Èkìtì títí dé Ọ̀wọ̀, nínú èdè àbáláyé wọn, ẹnì kan ṣoṣo kì í jẹ́ "ẹ", bó ti wù kó dàgbà tó. Ìkúnlẹ̀ ni ọ̀wọ̀, orúkọ tí a fi ń pe àgbà ni ọ̀wọ̀, ohùn ni ọ̀wọ̀. Ọmọ yẹn kò ṣe àfojúdi. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Àwa tí a dúró ṣánṣán tí a ń kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ la ṣe é. Ẹ sì kíyè sí i pé ìyá àgbà gbọ́ Yorùbá tiwa, ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu olùkọ́. Àwọn kọ́ tiwa. Àwa ò kọ́ tiwọn.

Èdè tí a ń pè ní Yorùbá Àjùmọ̀lò, ènìyàn ló tò ó. Ọmọ Òṣóogùn ni Samuel Àjàyí Crowther. Ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, Yorùbá apá Ọ̀yọ́ ló sì jẹ́ òpó rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ṣèpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Iṣẹ́ ńlá ni, òun la sì fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n ìta ilé là ń wò láti ojú fèrèsé kan ṣoṣo. Nígbà tí Abíọ́dún Adétùgbò kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá ní 1967, ohun tó bá pàdé ni pé àwọn ẹ̀ka-èdè apá ìlà-oòrùn kì í ṣe Ọ̀yọ́ tó bàjẹ́. Wọ́n pa àwọn ohun kan mọ́ tó ti kúrò nínú ti Ọ̀yọ́ tipẹ́. Ní ààfin Ọlọ́wọ̀, "ughá" ni wọ́n ń pe àgbàlá ọba títí di òní, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ní pẹ̀lú Bìní. Ní Igbó'Lájà, nínú ìlú Ọ̀wọ̀ kan náà, Ekpo Eyo hú àwọn ère amọ̀ jáde ní 1971 tí wọ́n ti wà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò sì sí nǹkan láti wò.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ti àwọn ará ilé kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní Nàìjíríà kò lè jáde láìdé Abúlé Èdè Faransé ní Àgbádárìgì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, kí ó lọ gbé inú èdè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò ní ibì kankan tó pọn dandan kí ó dé. Wọ́n ní a ti wà nílé. Ilé ta ni? Ọmọ Ìbàdàn tó bá gba oyè Yorùbá láìgbọ́ Yorùbá Òkèlúsè tàbí ti Ọ̀wọ̀ rí, apá kan ilé ló mọ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò wọ́n. Kí ìrìn àjò kan nínú mẹ́rin jẹ́ sí ibi tí àlejò yóò ti gbọ́ Yorùbá tí kò sí nínú ìwé, nílé ẹnì kan tó mọ̀ pé ó ń bọ̀, kí wọ́n má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti sọ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Bí ọ̀nà Ọ̀sẹ̀ kò bá dára lọ́sẹ̀ yẹn, Àkókó wà, Ìkálẹ̀ wà, Èkìtì wà. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa náà yéé fi owó ìrìn àjò ọdọọdún gbé wa lọ sí etí òkun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, tí ẹ ń ránṣẹ́ owó wá fún àpèjẹ ìparí ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìdajì rẹ̀ gba mọ́tò fún wa.

A mọ̀ pé àwọn kan á bi wá pé àwa náà ńkọ́, kí ló dé tí a ò lọ tẹ́lẹ̀. A ò ní ìdáhùn tó dára. Ọ̀kan nínú wa, Àkúrẹ́ ni ilé wọn, kò sì kọjá Ọ̀wọ̀ rí. Ọmọ Peckham ló mú wa lọ.

Ọ̀rẹ́ wa ti padà sí London báyìí. Ó fi fóònù gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kí a tó kúrò lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó ń gé e ní díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: "Kí ni Màmá sọ níbí yìí?" Bí a bá mọ̀ ọ́n, a ó sọ fún un. Bí a ò bá mọ̀ ọ́n, a ó pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ là ń pè jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé tuntun mọ́ ògiri fún àwọn àlejò tí ń bọ̀. Olúmọ ló ṣáájú. A fi bírò kọ Òkèlúsè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan pa á rẹ́. A ti tún un kọ.