Òtútù Ṣeé Kó Jọ

Déètì tí wọ́n ń tẹ̀ sára ike yọ́gọ́ọ̀tì ní àdéhùn kan nínú. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń sọ ni pé yọ́gọ́ọ̀tì náà yóò dára títí di ọjọ́ báyìí, bí kò bá ṣáà ti kúrò nínú òtútù látìgbà tó ti jáde lọ́gbà wọn. Bó bá lo òru méjì nínú fíríìjì tí kò ríná, tó gbóná, tó tún wá tutù nígbà tí iná dé, déètì yẹn kò wúlò mọ́. Ẹni tó rà á ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kò sì ní ọ̀nà láti mọ̀, nítorí pé ó tutù lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó sanwó rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ òtútù wà lára ohun àkọ́kọ́ tí a ó máa bi àwọn tó ń ṣe oúnjẹ fún títà ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn á ti dáhùn ká tó bi wọ́n tán: iná ni kò sí. Òótọ́ ni. Àmọ́ láti orí òótọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fò sórí jẹnẹrétọ̀ tó tún tóbi ju tàná lọ, bí ẹni pé iná nìkan lohun tí èèyàn lè kó jọ de ìgbà ọ̀wọ́n. Òtútù fúnra rẹ̀ ṣeé kó jọ, owó tó sì ń náni kéré sí ti iná tí wọ́n ń kó sínú bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká wo mílíìkì. Láti ọdún 2010 ni FrieslandCampina WAMCO, àwọn tó ń ṣe Peak, ti ń gba mílíìkì tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní àwọn ibùdó bíi Fáṣọlá, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Mílíìkì máa ń gbóná tó nǹkan bíi dígírì 37 tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara màlúù jáde, kò sì sí ìwọ̀n tó tún tẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ooru yẹn, iye wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín ìdajì wákàtí. Bí mílíìkì náà kò bá tètè sọ̀kalẹ̀ dé dígírì 4, á kan kó tó dé ilé iṣẹ́ wọn ní Èkó. Ilé iṣẹ́ lè sè é ní dígírì 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15, bí wọ́n ṣe ń ṣe káàkiri àgbáyé, kí kòkòrò àrùn lè kú. Ṣùgbọ́n kò sí sísè tó lè sọ mílíìkì kíkan di tuntun. Àárín ẹsẹ̀ màlúù àti ibùdó ìgbàwàrà, níbi tí kò sí wáyà iná rárá, ni ogun yẹn ti ń di bíborí tàbí pípàdánù.

Òtútù kì í sì í pa kòkòrò àrùn, ó kàn ń dá a dúró ni. Àwọn kan wà tí kò tilẹ̀ dúró. Láàárín ọdún 2017 sí 2018, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Listeria pa èèyàn tó ju 200 lọ ní South Africa, àwọn tó kó àìsàn náà sì lé ní 1,000. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò ní oṣù kẹta ọdún 2018, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní polony, tó ti ilé iṣẹ́ kan ní Polokwane jáde, ni wọ́n bá a nínú rẹ̀. Listeria lè máa pọ̀ sí i ní dígírì 4 gan-an, díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní fíríìjì ńlá ṣùgbọ́n tí kò fọ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ìbànújẹ́ ló ń tọ́jú síbẹ̀.

Ti ẹja Titus tún yàtọ̀. Bí ẹja yìí bá gbóná, àwọn kòkòrò ara rẹ̀ á sọ èròjà kan nínú ẹran rẹ̀ di histamine, èyí tó ń mú kí ojú gbóná, kí orí máa fọ́ni, kí ara sì lé. Díndín kò lè mú un kúrò. Dídà á padà sínú fíríìsà kí ó tún gan kò lè mú un kúrò. Ìyá tó ra ẹja náà lè sè é jinná dáadáa, kí ó sì tún ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ ní jàǹbá.

Owó ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A kúrò ní náírà 68 sí náírà 225 lórí yúnìtì kan, kí wọ́n tó dín in díẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àwọn wọ̀nyí sì ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Ilé iṣẹ́ tí kò sí ní Band A, dísẹ́ẹ̀lì ló ń jó. Ẹni tó ń ṣe áìsìkiriìmù, tó gbọ́dọ̀ pa á mọ́ ní dígírì 18 lábẹ́ òdo tọ̀sán-tòru, kò ní àkókò kan tó lè paná kó sinmi. Inú owó ọjà ni gbogbo ẹ̀ ń já sí, tàbí kí ẹni náà máa jí pa jẹnẹrétọ̀ lóru, kí ó sì máa retí pé ọjà kò ní yọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibí yìí ni yìnyín ti wúlò. Kílò yìnyín kan, kó tó yọ́ tán, á gba ooru tó tó èyí tó lè gbé kílò omi kan láti dígírì òdo dé dígírì 80. Tọ́ọ̀nù yìnyín kan ń gbé òtútù tó tó kílówáàtì-wákàtí 93 pamọ́, ẹ̀rọ tó dáa sì lè fi nǹkan bí ìdámẹ́ta iye iná yẹn dì í, nítorí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni láti kó ooru láti ibì kan dà sí ibòmíràn. Tọ́ọ̀nù kan náà yẹn tó láti mú mílíìkì 2,000 lítà sọ̀kalẹ̀ láti dígírì 37 dé 4. Àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì ní Yúróòpù ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: wọ́n á ki páìpù sínú táǹkì omi, wọ́n á jẹ́ kí yìnyín dì mọ́ ọn nígbà tí iná bá dínwó, omi tútù ibẹ̀ ni yóò sì dojú kọ mílíìkì nígbà tó bá dé. Lọ́dọ̀ tiwa, òòrùn ọ̀sán ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí pánẹ́ẹ̀lì sólà máa di omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí yìnyín máa ṣiṣẹ́ lóru, láìsí bátìrì ńlá tí yóò kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Fún áìsìkiriìmù àti ẹja, omi iyọ̀ ni wọ́n ń lò, torí pé bí iyọ̀ rẹ̀ bá pé, ó lè lọ sí nǹkan bíi dígírì 21 lábẹ́ òdo kó tó dì.

Èyí kì í ṣe àlá. Nàìjíríà ti ṣe irú rẹ̀ rí, lórí ohun tó ju mílíìkì lọ. Àwọn fíríìjì tó ní yìnyín lára ògiri wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí àjẹsára dé ibi tí iná kì í dúró, kí ilẹ̀ Áfíríkà tó gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ irú èyí tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus ti kúrò níbẹ̀. Àmì kékeré kan sì wà lára ìgò àjẹsára náà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú sí i bí ooru bá ṣe ń bà á. Nọ́ọ̀sì tó mú un lọ́wọ́ kò ní í gbára lé déètì nìkan. Ó ń rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìgò ṣì dára. Kí ló wá dé tí ẹja àti yọ́gọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọ kan náà ń jẹ kò fi ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí kò wọ́n mọ́. Ó yẹ kí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, máa béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á, kí wọ́n sì máa kà á bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà NAFDAC ara páálí.

Ó ku gáàsì tó ń yí kiri inú páìpù fíríìjì. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé gáàsì fíríìjì ayé ìgbà náà ń ba ìpele ósóònù jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè sì fẹnu kò ní Montreal ní 1987 láti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò bá ósóònù jà, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná. Kílò kan R-404A, tó wọ́pọ̀ nínú kóòlùrúùmù, bó bá jò dànù, ìpalára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tọ́ọ̀nù mẹ́rin carbon dioxide. Àdéhùn Kigali ti 2016 wá láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù, Nàìjíríà sì buwọ́ lù ú ní 2018. Yúróòpù ti fòfin de fífi R-404A sínú ẹ̀rọ tuntun fún ilé iṣẹ́ oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Ibo ni àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọn ń lọ? Fíríìjì àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ̀ọ̀mù wa ní kò gbọ́dọ̀ wọlé, síbẹ̀ ọjà tòkunbọ̀ kún fún wọn. Ẹni tó rà á lówó pọ́ọ́kú yóò san ìyókù fún iná àti gáàsì jíjò ní gbogbo ọdún tó bá fi lò ó.

Èyí tó dára wà, kò sì jẹ́ tuntun. Nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn ni Carl von Linde, ẹnjiníà ọmọ Jámánì kan, ti fi amóníà mú ilé ọtí bíà tutù, amóníà kì í sì í mú ayé gbóná rárá. Propane, tó wà nínú gáàsì ìdáná wa, náà ń ṣiṣẹ́ fíríìjì dáadáa. Àmọ́ ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: propane ń gbiná, amóníà sì lè pa ẹni tó bá fà á símú. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè tú nídìí. Nítorí náà, bí ìjọba Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Èkó bá fẹ́ ran àwọn tó ń ṣe oúnjẹ lọ́wọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fíríìjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá, kì í ṣe ní pólì. Kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá yege ní ìwé ẹ̀rí, kí ilé iṣẹ́ tó bá ń wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ lè mọ ẹni tí yóò pè.