Iná tó lọ ní Ghana ló yọ Maersk: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà àlòkù nílé, ọ̀rọ̀ yín rèé o!

Ẹni tó bá mọ Liverpool Road l'Ápápá dáadáa mọ̀ pé ariwo kì í tán níbẹ̀. Tírélà ń fọn fèrè, àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ń sáré ìwé kiri, àwọn tó ń lọ s'Ájégúnlẹ̀ ń wá mọ́tò. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn wà tí kì í pariwo ní tiẹ̀, inú yàrá ló máa ń wà. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí bàbá fi ń tẹ ìwé ẹrù, tí màmá fi ń ṣírò owó ọjà, táwọn ọmọ fi ń múra JAMB, òun ló ń ṣàìsàn.

Wọ́n á tan án láàárọ̀, kó tó ṣí, tíì á ti tutù. Wọ́n á pe ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹnu tòun sì máa ń yá: “Dádì, fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́ o. Antivirus ńlá kan wà lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ n fi sí i.”

“Èyí tó wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀, sà. Ṣebí méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.”

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà tó ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò ní í lè gbẹ́sẹ̀ mọ́ rárá.

Ọlọ́dẹ ni antivirus. Gbogbo fáìlì tó bá fẹ́ wọlé, yóò dá a dúró, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́dẹ náà sì ń jẹun o, inú ìkòkò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn RAM, ló ti ń bù ú. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ ò ju 2GB tàbí 4GB lọ, tó bá gba ọlọ́dẹ méjì, ọ̀kan á máa pe èkejì lólè, onílé gan-an ò ní í rí oúnjẹ jẹ.

Àbí ọlọ́dẹ tó tóbi nìkan ló ń gba ilé là? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn aládùúgbò Liverpool Road.

APM Terminals ló ń bójú tó ibùdó kọntéínà ńlá tó wà ní èbúté Àpápá, Maersk ti ilẹ̀ Denmark ló sì ni ín. Lọ́jọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya jáde láti ilẹ̀ Ukraine, inú software ìṣírò owó kan tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló fara pamọ́ sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kọ̀ǹpútà Maersk ti ń kú káàkiri ayé. Nínú ibùdó 76 tí wọ́n ní, 17 ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ní New Jersey l'Amẹ́ríkà, tírélà tò sẹ́nu géètì bíi pé Àpápá ni. Kọ̀ǹpútà 45,000 ni wọ́n tún tò látìbẹ̀rẹ̀, owó tó bá a lọ sì lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là.

Ìdààmú tó ga jù ni tàwọn kọ̀ǹpútà bíi 150 tó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, tó ń sọ ẹni tó lè wọlé àtẹni tí kò lè wọlé. Ẹ̀dà ara wọn ni gbogbo wọn. Èrò wọn ni pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù á gbà á là, àṣé gbogbo wọn lè kú lẹ́ẹ̀kan náà! Wọ́n wá, wọ́n wá, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó wà ní Ghana. Kí ló yọ ìyẹn? Iná ló lọ! Kí fáírọ́ọ̀sì tó dé ni iná ti lọ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ti já kúrò lára àwọn yòókù.

Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti tètè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ s'England, àwọn òṣìṣẹ́ Ghana ò sì ní físà. Ni ọ̀kan nínú wọn bá gbé háàdì dísìkì wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún ló gbé e lọ sí London.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀dà kan tí kò sí lórí iná ló yọ wọ́n. Ẹni tó ń gbé yàrá kan l'Ájégúnlẹ̀ náà lè ní irú ẹ̀.

Ní ti ọlọ́dẹ tí kò wúwo, ọ̀pọ̀ ló ti ní in nílé tí wọn ò mọ̀. Microsoft Defender ti wà nínú Windows 10 àti 11 láti ilé wá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn, kó kọ́kọ́ wo èsì AV-TEST ti ilẹ̀ Jámánì tàbí AV-Comparatives ti ilẹ̀ Austria, wọ́n máa ń wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn tó. Kó yọ ti tẹ́lẹ̀ kó tó gbé tuntun wọlé. Defender máa ń yẹ̀ba fúnra rẹ̀ fún àlejò, àwọn yòókù kì í yẹ̀. Malwarebytes ọ̀fẹ́ tún wà, lẹ́yìn ọjọ́ ìdánwò rẹ̀, kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́, ìgbà tí wọ́n bá pè é ló ń wá yẹlé wò. Ṣùgbọ́n antivirus tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pín kiri lórí fíláàṣì, olè tí wọ́n wọ̀ láṣọ ọlọ́dẹ lè nìyẹn jẹ́.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Microsoft ò tún ògiri Windows XP ṣe mọ́ látọdún 2014, ti Windows 7 dúró lọ́dún 2020, àtúnṣe ọ̀fẹ́ ti Windows 10 sì parí lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Wọ́n ní Defender tó wà nínú Windows 10 á ṣì máa mọ ojú olè tuntun títí di ọdún 2028, àmọ́ ìyẹn ò dí ihò ara ògiri. Kọ̀ǹpútà tí kò lè gbé Windows 11, Linux Mint Xfce fúyẹ́ fún un, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ṣì ń lo XP tàbí Windows 7, kó má fi wọ báńkì.

Ní paríparí ẹ̀, kí wọ́n ra fíláàṣì kan sọ́tọ̀, kí wọ́n máa da ìwé pàtàkì sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí. Ọjọ́ pẹ́ táwọn ará Liverpool Road ti ń bú àwọn tó ń mú iná lọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Àmọ́ Maersk ti fojú rí i pé ohun téèyàn bá yọ kúrò lára iná, fáírọ́ọ̀sì ò lè débẹ̀.