Kí A Tó Tú Orúkọ Àdúgbò Palẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí A Béèrè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ náà ló rí fún ìlú àti àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ń gbà wá ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò ń kọ wá lóminú. A óò jókòó sínú yàrá, a óò mú orúkọ láti inú ìwé, a óò gé e sí mọ́fíìmù méjì tàbí mẹ́ta, a óò sì ní ìtàn ibẹ̀ nìyẹn. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ àbọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ìlú náà ni Dassa-Zoumè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnu. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Parakou, èkejì kọrí sí Savalou àti Djougou. Ìlú olókè 41 ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá ni àwọn Ìdáàṣà tó ni ìlú náà. Ìdílé ọba wọn ń jẹ́ Ọmọ Jagun, ìtàn wọn sì sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti ṣí wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bíọ́dún Adédìran kọ nípa ìjọba yìí ní ọdún 1984, ó sì tún kọ ìwé kan ní 1994 lórí gbogbo àwọn ìjọba Yorùbá tó wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn.

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí orúkọ tí àwọn onílé fúnra wọn ń pe ìlú náà lórí ìwé, "Igbo Idaasha" ni a rí, láìní àmì ohùn kankan. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí àwọn Ìgbò ré odò Ọya kọjá dé ibẹ̀. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wo ni ó jẹ? Ìwé tó gbẹ́kẹ̀ lé kò sọ fún un bóyá Ìgbò ni tàbí igbó.

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe Ìdáàṣà. Àwọn Fọ̀n ni. Nínú èdè Fọ̀n, "zoumè" túmọ̀ sí inú igbó. Dassa-Zoumè kò ju Ìdáàṣà-inú-igbó lọ. Àwọn aládùúgbò ti túmọ̀ orúkọ náà sí èdè tiwọn, wọ́n sì ti bá wa pa ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ tún wo "Dassa" fúnra rẹ̀: fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́, "ṣ" sì ti di "s", nítorí pé èdè Fọ̀n kò ní ìró "ṣ". Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe di Savè. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Abomey láàárín 1892 sí 1894, orúkọ tí Fọ̀n ń pe ìlú náà ló wọ inú àwòrán ilẹ̀ wọn.

Ohun tó jọ wá lójú níbẹ̀ ni èyí: ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Dàhòmì da àwọn Ìdáàṣà láàmú gidigidi, orí òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n ń sá sí. Síbẹ̀, ẹnu àwọn tó bá wọn jà ni ẹ̀rí orúkọ wọn wà. Ẹni tó bá ń wádìí ìtàn àdúgbò tí kò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, apá kan ìtàn ló gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Arigbo, òkè tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ṣe ihò àdúrà Màríà sí ní 1954, tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Lójú ẹsẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á ní "ẹni tó rí igbó" ni. Ó dùn létí, àmọ́ lẹ́tà mẹ́fà tí kò ní àmì ohùn kò tó láti fi dájọ́. Ẹnu àwọn àgbà ibẹ̀ nìkan ló lè sọ bóyá òkè ni ohùn wà tàbí ìsàlẹ̀. Bí ẹnu náà bá pa dé, orúkọ yóò ṣì wà lórí pátákó, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tó lè kà á mọ́.

Ìjọba pàápàá ń dá kún un. Nínú ẹkùn mẹ́wàá tí wọ́n pín agbègbè Dassa-Zoumè sí, méjì tó wà láàárín ìlú ń jẹ́ Dassa I àti Dassa II. Èyí rọrùn fún àwọn akọ̀wé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní oríkì.

Ẹlòmíràn lè ní Dassa jìnnà, owó ọkọ̀ kò sí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí olúkúlùkù wa ń gbé kò jìnnà. Mélòó nínú àwa tó ń gba Sábó n'Ìbàdàn kọjá ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Hausa ni, láti ara Sabon Gari, ìlú tuntun? Ẹni tó bá fi Yorùbá nìkan tú u, asán ló máa bá bọ̀.

Nítorí náà, àbá wa rèé. Kí olúkúlùkù mú àdúgbò kan. Kí ó lọ bá àgbà tó gbé ibẹ̀ pẹ́, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó fi àmì ohùn sí orúkọ náà bí àgbà ti pè é, kì í ṣe bí ó ti wu òun. Kí ó béèrè ohun tí àwọn àjèjì ibẹ̀ ń pè é. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó mú ọ̀bẹ mọ́fíìmù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ kí a lọ tọrọ àkísà náà nígbà tí àwọn tó ni ín ṣì wà láyé.