Kí Ọmọdé Mọ Orúkọ Ohun Tó Ń Ṣe É



Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan láti Ẹ̀gbẹ́dá mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà ti jà nígbà mẹ́ta ní ilé ìwé láàárín sáà kan ṣoṣo. Wọ́n nà án, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, wọ́n pè é ní olóríkunkun. Ìyá rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ayé ni. Mo bi ọmọ náà léèrè ohun tó ń ṣe é, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé inú ń bí òun. Mo tún bi í pé, "Ṣé inú ló ń bí ọ ni, àbí ojú ló ń tì ọ́?" Ó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ojú ló ń tì mí ni." Kò tíì lè kàwé geere bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá ti dìde kàwé, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú yìí ló ń di ìjà.

Àwọn kan nínú wa gbà pé àṣà òyìnbó ni kíkọ́ ọmọ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, pé pàṣán tó. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó wá dáfá kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó ló ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́. Kí Ifá tó fọhùn, ènìyàn ti fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí àgbà bá nílò èyí, ọmọdé ńkọ́? Lóòótọ́, sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ yóò ṣe ní sùúrù pẹ̀lú ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀?

Èdè wa ti la ọ̀nà sílẹ̀. Inú bí i, ojú tì í, ẹ̀rù bà á: nínú gbólóhùn wọ̀nyí, ènìyàn ni àbọ̀, kì í ṣe olùwà. Ohun tó dé bá ọmọ kì í ṣe ọmọ fúnra rẹ̀. Bó ṣe dé, ó lè lọ. Olùkọ́ tó bá mọ èyí kò ní sọ ọmọ lórúkọ oníjà kó tó bèèrè ohun tó dé bá a.

Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 1970, pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò pàdánù nǹkan kan, àti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2018 ní Ìpínlẹ̀ Èkó sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní gbogbo ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí a lo àkókò iṣẹ́ náà. Alímọ̀ṣọ́ tóbi, nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwa tí a wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòtún àti Ìgàndò, ẹ tọ ọ̀gá ilé ìwé àdúgbò yín lọ, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ láti pàlọ́. Ẹ pa ti Ìjàpá tó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà nílé àna rẹ̀. Lẹ́yìn orin, ẹ bi àwọn ọmọ pé: ojúkòkòrò ló mú un bu ẹ̀bẹ, kí ló wá dé tí kò lè ké nígbà tí orí rẹ̀ ń jó? Wọn yóò sọ fún yín. Ẹ má sì sọ fún ọmọkùnrin kankan pé ọkùnrin kì í sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá yẹn kò tíì máa kàwé geere. Ìyá rẹ̀ ń jókòó tì í kàwé lálaalẹ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín in báyìí, ó ti lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé ojú ń ti òun.